Imú Ọkọ̀ Bàbá Ọdúnúgà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Ìkòròdú níbí. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Gàníyù àti ìyàwó wọn. Mo kí Kúdí àbúrò mi, tí mo mọ̀ pé òun ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Kúdí, rọra máa kà á. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú, torí kì í ṣe èmi nìkan ni ọmọ Ìwó tó wà ní ìdálẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ìyá tó ń retí ọmọ.

Ara mi le. Òjò ọdún yìí ló pọ̀. Iwájú ilé tí mo háyà ní Lásúnwọ̀n kò gbẹ rárá, orí búlọ́ọ̀kù la ń tẹ̀ kí a tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ tó fara gbá ni oúnjẹ panẹ́bítà, bẹ́ẹ̀ a ò lè gbàdúrà pé kí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni fara gbá, nítorí náà Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe ń bọ́ wa.

Ẹ bèèrè ìdí tí mi ò fi wálé fún Iléyá. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù ní mo ti di ọmọ Èkó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà. Iṣẹ́ kan ló dá mi dúró síbẹ̀, iṣẹ́ náà ni mo sì fẹ́ ròyìn fún yín, torí láti ìgbà tí mo ti parí rẹ̀ ni mi ò ti rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Bàbá kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ Bàbá Ọdúnúgà. Kiréènì tó ń gbé ẹrù ni wọ́n ń wà ní èbúté títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n ra ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé. Ọkọ̀ pupa ni, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, iwájú rẹ̀ gùn gbọọrọ, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì lágbára débi pé bí wọ́n bá ṣáná sí i, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Lórí bọ́nẹ́tì rẹ̀, nǹkan kan yọ sókè tó yanu síwájú kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ wọ ẹ́ńjìnì. Imú bọ́nẹ́tì ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ka máńgòrò ya lulẹ̀ lé e, ó fọ́ imú náà túútúú. Panẹ́bítà tó tún un ṣe nígbà náà kàn fi páànù dí ihò rẹ̀, ó lù ú pẹrẹsẹ, wọ́n sì kùn ún. Ọkọ̀ ń rìn, kò sẹ́ni tó tún rántí imú mọ́.

Nígbà tó yá, ìyàwó Bàbá, tí Bàbá máa ń pè ní Àbẹ̀kẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbàgbé, ó wá kan orúkọ aládùúgbò, ó kan àwọn ọmọ. Ó wá kan Bàbá fúnra wọn. Bísí, ọmọbìnrin wọn tó ń tọ́jú wọn, ló sọ fún mi pé àlejò ni ìyá òun ka bàbá òun sí, pé wọ́n á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì bi í pé ìgbà wo ló ń padà sílé rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn nìkan ni Màmá kò gbàgbé. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, wọ́n á ní ọkọ àwọn ń fi ọkọ̀ onímú bọ̀ wá gbé àwọn. Bí Bàbá bá mú wọn dé iwájú ọkọ̀, wọ́n á wo bọ́nẹ́tì, wọ́n á mi orí. Wọ́n á ní kì í ṣe èyí, èyí kò nímú.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi wọ bọ́ọ̀sì láti Ẹ̀pẹ́ wá bá mi ní Ìkòròdú. Wọ́n jókòó sórí táyà, wọ́n yọ fọ́tò kan látinú Bíbélì. Màmá ni, ní ọ̀dọ́mọbìnrin, wọ́n dúró ti ọkọ̀, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé imú bọ́nẹ́tì bí ẹni gbọ́wọ́ lé orí ọmọ. Bàbá ní kí n bá àwọn dá imú náà padà. Wọ́n ní bí Àbẹ̀kẹ́ bá mọ ọkọ̀, á mọ ẹni tó jókòó nídìí sítíárì.

Ìyá mi, ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé irú àìsàn yìí kì í ṣe ohun tí panẹ́bítà lè tún ṣe. Ojú wọn ni mo wò tí mi ò lè sọ ọ́. Mo gba iṣẹ́ náà.

Kò síbi tí mi ò wá irú imú yẹn dé láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù, mi ò rí i. Mo wá gbẹ́ ẹ pẹ̀lú igi. Nínú fọ́tò, ìbú imú náà jẹ́ ìbú ọwọ́ Màmá méjì, nítorí náà mo ní kí Bísí fi okùn wọn ọwọ́ ìyá rẹ̀ wá fún mi. Mo gbé igi náà lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀, sọ́dọ̀ ọkùnrin Ìlàjẹ kan tó ń fi fáíbà lẹ ọkọ̀ ojú omi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ṣe imú fún ọkọ̀ ilẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ẹni tí a fẹ́ ṣe é fún, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ó fi fáíbà yọ irú rẹ̀ lára igi náà dáadáa. Bí ẹ bá kàn án, ẹ ò ní mọ̀ pé kì í ṣe irin.

Bàbá kò gbà kí ọkọ̀ kúrò nílé, nítorí náà mo kó irinṣẹ́ mi lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé. Mo ta òwú láti iwájú ọkọ̀ dé ìdí gíláàsì kí n lè mọ àárín gan-an. Mo fi páálí gé àwòrán ìdí imú náà, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé bọ́nẹ́tì, torí ọ̀kan ṣoṣo náà ló wà, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn. Nígbà tí mo gbé imú lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ kò jókòó. Bọ́nẹ́tì tẹ̀ díẹ̀, ìdí imú sì gún, ìka ọwọ́ lè wọ àárín wọn. Sáńpépà ni mo fi ń ha á fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó bá a mu. Mo fi bóòtù dì í láti abẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù fáíbà dí etí rẹ̀. Òjò kò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Abẹ́ tapólì ni Iléyá bá mi. Mo kírun ní yídì láàárín àwọn tí mi ò mọ̀, mo padà síbi sáńpépà. Àdúgbò ń rùn fún ẹran díndín, mo rántí ẹ̀yìnkùlé yín, mi ò lè jẹun.

Màmá ló ń bá mi ṣeré. Wọ́n á bu omi wá fún mi, wọ́n á bèèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Bí mo bá ní ọmọ Ìwó ni mí, wọ́n á ní ọkọ àwọn ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìwó. Kò pẹ́, wọ́n á tún bu omi wá, wọ́n á tún bèèrè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó sú mi. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í retí wọn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀dà tí mo fi kùn ún gbẹ, Bàbá fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n jókòó nídìí sítíárì. Bísí fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ jáde. Màmá dúró. Wọ́n rìn síwájú fúnra wọn, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé imú náà, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn rèé, níbo ló ti wà látọjọ́ yìí. Bísí bú sẹ́kún. Èmi náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Màmá wá gba inú gíláàsì wo Bàbá, ojú wọn yí padà. Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ Bàbá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀, ọkọ àwọn kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀, kò sì ní pẹ́ dé. Bàbá ní òun ni ọkọ rẹ̀. Màmá wo orí wọn tó funfun. Wọ́n ní rárá o, bàbá, ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọkọ tèmi.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì fún Màmá, Màmá dúpẹ́, wọ́n jókòó. Bàbá wá tọrọ àyè bóyá àwọn lè bá wọn dúró de ọkọ wọn. Màmá ní kò burú, ẹ̀yìn ni kí wọ́n jókòó sí. Ìyá mi, ẹ̀yìn ọkọ̀ ara wọn ni bàbá yẹn jókòó sí, ìyàwó wọn wà níwájú, ìdí sítíárì ṣófo, títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀gàríbì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá tún gbé fọ́tò náà wá. Wọ́n ní kí n wò ó dáadáa, bóyá nǹkan mìíràn ṣì kù tó yàtọ̀, bóyá ríìmù táyà, bóyá sítíárì. Mo wò ó títí. Mo ní kò ku nǹkan kan, sà. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ràn mí lọ́wọ́ kó irinṣẹ́ mi dé ibùdókọ̀. Bísí sọ fún mi lórí fóònù pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jókòó sínú ọkọ̀ báyìí, bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ náà.

Ìyá mi, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá tí mo pè yín, ẹ bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Kúdí ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá di òòlù mú, n kì í mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mò ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò ní nǹkan ńlá kan tí mo fẹ́ kó wá. Mo kàn fẹ́ jókòó níwájú yín kí ẹ wo ojú mi pẹ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹ èrè ọmọ, kí ọjọ́ yín dalẹ́, kí iyè yín má ra. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà, àti àwọn ará ilé kejì.

Èmi ni Músílíù, ọmọ yín.