Lẹ́tà Tí Lọ́yà Mi Kò Lè Fi Hàn Mí

Lille

Ẹ̀gbọ́n mi Solange,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ ní Freiburg. Ara wa le, àfi orúnkún Gaston ọkọ mi tó ń dùn ún. Yàrá kan là ń mú gbóná báyìí, nítorí gáàsì ti wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ilé tí Màmá fi sílẹ̀ fún wa ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ẹ ní lẹ́tà tí lọ́yà mi kọ sí lọ́yà yín dùn yín, ẹ ò sì gbé fóònù mi mọ́. Èmi ò tíì rí lẹ́tà náà. Mo bi Lọ́yà Delcourt, ó ní, "Màdámù, àṣírí ni lẹ́tà láàárín lọ́yà méjì. Òfin ẹgbẹ́ wa ní Faransé kò gbà kí n fi hàn yín."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ti kà á."

Ó ní ní Jámánì tí ẹ wà, lọ́yà gbọ́dọ̀ fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ han oníbàárà rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ lọ́yà Yúróòpù ti jọ fẹnu kò pé lọ́yà tó bá fẹ́ kí lẹ́tà òun jẹ́ àṣírí yóò kọ́kọ́ sọ fún lọ́yà kejì kó tó fi ránṣẹ́. Ó ní òun ló gbàgbé láti sọ ọ́.

"Ṣé ẹ lè wá fi hàn mí báyìí?"

"Rárá, Màdámù."

Kò yé mi. Èmi ni mo sanwó lẹ́tà, ẹ̀yin lẹ kà á.

Kí Ọlọ́run dá wa sí fún ara wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ ka lẹ́tà náà sí mi létí, kí n gbọ́ ohun tí mo sọ, kí n lè mọ̀ bóyá èmi ni mo sọ ọ́.

Àbúrò yín,
Odile