Bàtà tí Mo Fi Téèpù Wọ̀n

Ṣọ́ọ̀bù Láwàl Aránṣọ,
Ẹ̀gbẹ́ Sítéṣọ̀n Rélùwéè, Ifọ̀.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1956.

Mùsáfírù ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Ọ̀ràn ńlá ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí Láwàl: awọ ti bó ní gìgísẹ̀ rẹ. Gbogbo ilé ti gbọ́. Ìyá rẹ, Sùwéébátù, kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, èmi náà sì ti ṣe sàráà.

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà níbi iṣẹ́ akọ̀wé rẹ ní Èbúté Mẹ́ta? Ọlọ́hun yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, Áàmín. Àwa náà wà, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì ti bí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ.

O ní ìwọ lo wà níwájú nínú eré máìlì kan tí ẹ sá, pé nígbà tí ẹ yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀kẹta ni ìléròró yọ ní gìgísẹ̀ rẹ, ó kún fún omi, ó bẹ́, o sì jókòó sínú koríko bí ẹni tó wá ṣe fàájì. O wá ní bàtà tí mo rà fún ọ ló fà á. Bàtà wo? Bàtà kẹ́ńfáàsì funfun tí èmi fúnra mi fi téèpù wọn ẹsẹ̀ rẹ kí n tó rà á, nígbà tí o wálé ọdún Iléyá, tí o jókòó jẹ́jẹ́ sórí àga? Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ, n kò ṣi ẹnikẹ́ni wọ̀n rí. Bàtà náà bá ẹsẹ̀ rẹ mu gẹ́lẹ́, abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín wọn kọjá.

O ní ọ̀gá tó ń kọ́ yín ní eré sísá sọ pé bàtà ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ fi ìbú àtàǹpàkò kan gùn ju ẹsẹ̀ lọ, nítorí ẹsẹ̀ ń wú bí èèyàn bá ń sáré. Wú bíi kín ni? Bíi búrẹ́dì? Ó tún ní ìwọ lo jẹ̀bi, tí o kò wọ̀ ọ́ rìn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè rọ̀ kí o tó fi sáré. Bá mi bi ọ̀gá yẹn: ṣé òun a máa wọ aṣọ Iléyá lọ sóko kí Iléyá tó dé? Èmi ni mo kọ ọ́ sára pálí bàtà pé kí o má tú u títí di àárọ̀ eré. O gbọ́ tèmi, o ṣe bí ọmọ gidi. Ta ló wá jẹ̀bi?

Nọ́ọ̀sì tí o lọ bá ló bí mi nínú jù. Ó ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, èyí tó nípọn lókè. Èmi tí mo bí ọ, n kò tíì wọ ẹyọ kan rí. Ó ní kí o fi fasilíìnì pa gìgísẹ̀ kí o tó sáré. Ṣé ọmọ ọwọ́ ni ẹ́? Ó ní ìléròró tí kò bá dùn ọ́, má fọwọ́ kàn án, èyí tó bá ń dùn ọ́, kí o fi iná jó abẹ́rẹ́, kí o gún un létí kí omi rẹ̀ ṣàn, kí o má bó awọ rẹ̀, kí o sì fi aṣọ mímọ́ dì í. Obìnrin kan l'Ékòó fẹ́ kọ́ Láwàl ní abẹ́rẹ́ lílò!

O wá fi bàtà náà ránṣẹ́ sílé nínú rélùwéè, pé kí n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó tóbi díẹ̀, nítorí eré kejì ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó bá sì gba ipò kìíní níbẹ̀ ni wọn yóò mú lọ sáré n'Íbàdàn. N kò pààrọ̀ rẹ̀. Bí bàtà yóò bá rọ̀, ọwọ́ mi ni yóò ti rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì mo wọ̀ ọ́, nítorí ẹsẹ̀ kan náà ni èmi àti ìwọ ní, mo gbéra n'Ifọ̀, mo ní Ìbafò ni mò ń lọ, kí gbogbo ayé lè rí i pé ẹbí Láwàl kì í ní ìléròró. Mo dé Mówè. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ lọ́dọ̀ Bùrẹ́ímọ̀ àbúrò mi, kì í ṣe nítorí ohunkóhun, ó kàn ń bẹ̀ mí ni. Mo ní mò ń lọ, ó ní bùọ̀dá mi, ẹ kọ́kọ́ dìde ná ká rí yín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àrífín ni. Tàjùdéèn tó ń fi lọ́rì kó igi ìdáná ló gbé mi wálé, torí pé ọ̀nà kan náà là ń lọ. Ọrùn ni mo fi bàtà náà kọ́, kí eruku má baà bà á jẹ́.

Kọ̀wé padà kíákíá, kí o bi nọ́ọ̀sì yẹn bóyá abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ṣeé lò, àti pé bí èèyàn bá ti bó awọ náà tán kó tó rántí pé wọ́n ní kó má bó o, kí ni ṣíṣe? Kì í ṣe fún ara mi ni mo ń bèèrè. Fi fasilíìnì agolo ńlá kan ránṣẹ́, àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, àti ṣílè mẹ́wàá fún ìyá rẹ, ẹni tó ti ń gbé omi gbígbóná wá bá mi láti ọjọ́ Ajé láìnídìí.

Ọlọ́hun yóò mú ẹsẹ̀ rẹ fúyẹ́ lórí pápá, ẹ̀yìn rẹ ni gbogbo wọn yóò máa wò títí ẹ ó fi parí eré. Áàmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Láwàl.

Mo da ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kọ síhìn-ín, kí o lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ

A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo oníbàárà pé ṣọ́ọ̀bù yìí yóò wà ní títì títí di ọjọ́ Jímọ̀, nítorí ìléròró mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni tó bá ní bàtà kẹ́ńfáàsì tó fi ìbú àtàǹpàkò kan gùn ju ẹsẹ̀ aránṣọ lọ, kí ó mú un wá kí ọjọ́ Sátidé tó pé; a ó bá a rán ṣòkòtò méjì dípò rẹ̀. Láti òní lọ, a kò fi téèpù wọn ẹsẹ̀ mọ́.

Pẹ̀lú àṣẹ,
Láwàl Aránṣọ.