Ọṣẹ Tí Ohùn Rẹ Polówó

Aláròyé mi ọ̀wọ́n,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó bá ọ lórí ìjókòó, kì í ṣe lórí ìdùbúlẹ̀, kí ẹnu tí ìyá rẹ torí rẹ̀ sọ ọ́ ní Aláròyé má ṣe gbẹ láéláé. Ara tèmi le, àfi orúnkún òsì tó máa ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, òun nìkan ló sì ń sọ òótọ́ tán nínú gbogbo ohun tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé yìí. Orí ilé kò jò. Ajá aládùúgbò wa wá bí ọmọ márùn-ún sórí èérún igi mi ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè lé e, jẹ́jẹ́ ni mo ń fa ayùn báyìí kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí oorun sùn. A dúpẹ́.

Láti ìgbà tí o ti ránṣẹ́ pé wọ́n ti gbà ọ́ síbi tí wọ́n ti ń fi ohùn ṣiṣẹ́, mo ti gbé rédíò sórí pẹpẹ tí mo ń kó òòlù sí, kí n lè máa gbọ́ ọ. Mo ń gbọ́ ọ o. Ní àràárọ̀ tí o bá ti ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí, mo máa ń dáwọ́ dúró, n ó ní káàárọ̀ ọmọ mi, ṣé o jí ire, ṣùgbọ́n o kì í dúró gbọ́ èsì, kíá lo ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ó dùn mí díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tí mo wá kà á lọ́jọ́ kan, tí mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá lo sọ ọ̀rọ̀ kan náà láì yí i padà, láì mu omi. Àánú rẹ ṣe mí. Ṣé ọ̀gá yín kì í jẹ́ kí ẹ sinmi ni, àbí ó rò pé a ò gbọ́? A ti gbọ́. Sọ fún un pé bàbá rẹ ní òun ti gbọ́, kó jẹ́ kí o jókòó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo ń gbé mì. Ọkùnrin kan wà tó máa ń dá ọ lóhùn, ó ní, ìyàwó mi, ṣẹ́ẹ̀tì mi mọ́ bí ọjọ́ tí mo rà á. Ọmọ kan a sì fi ohùn wẹ́wẹ́ ní, màmá, tèmi náà. Aláròyé, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ta ni ọkùnrin yìí? Ẹbí rẹ̀ kankan ò wá kan ilẹ̀kùn mi, ilẹ̀kùn náà sì ṣe é kàn dáadáa, èmi ni mo ṣe é. Ọmọ yẹn, bí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, kò lè dín ní ọmọ ọdún méje, bẹ́ẹ̀ ọdún márùn-ún péré lo kúrò nílé. Mo fi pẹ́ńsù ṣírò rẹ̀ sára pákó, kò bára mu. N ó dákẹ́ síbẹ̀ ná.

Ohun tó mú mi mú bírò gan-an nìyí. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohùn rẹ. Ohun tí o bá polówó ni wọ́n ń rà, kì í ṣe nítorí nǹkan ọ̀hún, nítorí pé ọmọ káfíńtà ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó dàgbà lójú wọn. Bí nǹkan ọ̀hún kò bá wá ṣe bí o ti wí, ọ̀dọ̀ ta ni kí wọ́n gbà lọ? Wọn ò mọ ẹni tó ṣe é. Èmi ni wọ́n mọ̀. Mo ti gbé bẹ́ńṣì kan síta fún wọn báyìí, kí wọ́n má máa dúró.

Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Ó mú agolo ìpara ẹ̀yìn dídùn dání, ó ní o sọ pé bí òun bá fi para lẹ́ẹ̀mẹta ìrora á sá lọ, pé òun ti fi para lẹ́ẹ̀mẹtàlélógún, ìrora ò tilẹ̀ mira níbi tó jókòó sí. Kí ni kí n sọ? Mo tẹ̀ lé e dé ilé, mo wo àga tó máa ń jókòó sí, mo sì tún ẹ̀yìn àga náà ṣe láì gba kọ́bọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ara ti fúyẹ́. Ó wá ń sọ káàkiri pé ìpara ọmọ mi dára, pé sùúrù ló kàn ń fẹ́. Onígbàjámọ̀ ló tẹ̀ lé e, òun tó ń gẹ irun fún gbogbo ayé tí orí tirẹ̀ ń dán. O ṣèlérí irun fún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wo orí náà tọkàntọkàn, mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un wò. Mo ní mo rí nǹkan. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mi ò rí nǹkan kan. Mo kan àpótí tuntun fún un tó lè máa kó abẹ rẹ̀ sí, ó sì gbà.

Má rò pé mo ń ráhùn o. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá kù síbì kan, bàbá rẹ á fi igi dí i.

Alágbàfọ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí n rí i dí. O mọ̀ ọ́n, òun ló ń fọ aṣọ fún wa kí a tó bí ọ. Kò ra nǹkan kan, ẹ̀rín ló wá rín. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì láàárín tíṣà àti onígbàjámọ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, o ń sọ pé ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú yẹn ń pa gbogbo àbàwọ́n rẹ́, epo ni, yíǹkì ni, kò sí èyí tó máa kù. Ó ní láti ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń ti ọwọ́ bọ omi, òun ò tíì rí ọṣẹ tó ń ṣí epo máṣíìnì, tó sì tún ń ṣí yíǹkì bírò. Ó ní kí n má bínú, wọ́n ń san owó fún ọmọ mi láti parọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ká ní èmi ló pè ní opurọ́, n ó rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà, mo mọ òwe yẹn, èmi ni mo fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí nítòsí lọ́jọ́ náà. Mo dìde, mo wọ yàrá, mo wá aṣọ tó ní àbàwọ́n jù nínú ilé wa.

O rántí ẹ̀wù iṣẹ́ ìyá rẹ, èyí funfun tó máa ń wọ̀ lé aṣọ rẹ̀ nídìí máṣíìnì ìránṣọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ló ti wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò gbé e kúrò, bí mo bá ti ilẹ̀kùn ó máa ń rọra mì. Epo máṣíìnì wà níbi itan rẹ̀, yíǹkì wà létí àpò. Mo mú un jáde. Mo bu omi sí bàsíà, mo da páálí ọṣẹ kan odindi sí i, torí o kò sọ ìwọ̀n, o kàn ní ẹ da á sí i, ẹ óò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Ó hó títí ó fi bọ́ sílẹ̀. A jẹ́ kó wà nínú rẹ̀ títí o fi tún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí rédíò, tíṣà ń mi orí, onígbàjámọ̀ ń kọ orin ọṣẹ náà lẹ́nu.

Nígbà tí mo fà á jáde, Aláròyé, o kò parọ́. Ó funfun. Kò sí epo, kò sí yíǹkì, ó rí bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo yí sí alágbàfọ̀ kí n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò pàtẹ́wọ́. Ó gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó yí inú rẹ̀ síta, ó wo ọ̀gangan àyà lápá òsì, ó sì bi mí pé ìkọ̀wé yẹn dà.

Ìwọ mọ ìkọ̀wé tó ń béèrè. Láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni ìyá rẹ ti ń wọ̀n ọ́ lọ́dọọdún kó tó rán aṣọ fún ọ. Kò kọ tìrẹ sínú ìwé oníbàárà, ó ní ìwé oníbàárà máa ń sọ nù, inú ẹ̀wù ara rẹ̀ ló ń fi bírò kọ ọ́ sí: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn. Ìlà mẹ́rìndínlógún. Ọdún tí o ṣàìsàn wà níbẹ̀, ìbàdí rẹ dínkù lọ́dún yẹn, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ni ti ọjọ́ tí o ń lọ sí ìlú ńlá, o ní kó yára, ọkọ̀ ń dúró, o sì ń sọ̀rọ̀ débi pé o kò dúró sójú kan, ìlà gígùn rẹ sì wọ́.

Alágbàfọ̀ sọ pé ní gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ bá kó aṣọ wá, ó máa ń kìlọ̀ fún òun nípa ibẹ̀, òun a sì fi ọwọ́ kan gbé e sókè omi, kí òun tó máa fi ọwọ́ kejì fọ ìyókù. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò bi í rí pé kí ló kọ. Ó lọ sá ẹ̀wù náà síbi òjìji, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìkọ̀wé náà wà níbẹ̀. Mi ò lè sọ fún ọ pé mi ò mọ̀. Lálaalẹ́ ni mo máa ń rí ẹ̀wù yẹn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo máa ń yí i wò, mo máa ń fi ìka tọ nọ́ńbà rẹ. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbà pé ọmọ mi kì í parọ́ ni. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, mo kábàámọ̀ rẹ̀ débi pé mi ò lè gbé e padà sára ìṣó.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, mo ṣa páálí ọṣẹ náà nílẹ̀, mo wọ awò ojú mi. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà, wọ́n kọ ọ́ pé kí a kọ́kọ́ dán an wò ní igun kan tó fara sin. Aláròyé, kí ló dé tí o kò sọ ìyẹn? Mo ti rò ó títí. Mo ní bóyá orin ló bò ó mọ́lẹ̀. Bóyá ọ̀gá yín gba ẹ̀rọ lẹ́nu rẹ kí o tó débẹ̀. Torí nígbà tí o wà ní kékeré, o kì í sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni, a máa ń bẹ̀ ọ́ ni kí o tó dákẹ́.

Alágbàfọ̀ padà wá lọ́jọ́ kejì láti bẹ̀bẹ̀ pé òun pè ọ́ ní opurọ́. Mo ní kó má bẹ̀ mí, òótọ́ lo sọ. Èyí tí kò bá ṣẹ nínú ọ̀rọ̀ rẹ, mo lè fi àga àti àpótí tún un ṣe. Èyí tó ṣẹ yìí, mi ò ní igi tí mo lè fi tún un ṣe. Àwọn yòókù ti ra ọṣẹ náà tán lórí igbá. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ inú aṣọ wọn wò, wọ́n ní mo ti ń darúgbó.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó, torí kò sí lẹ́tà bàbá tí kì í dé ibẹ̀. Mo ń fẹ́ owó ọkọ̀ ẹnì kan, láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ wa. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n tẹ ìka mi mọ́ gíláàsì kan, ó ní ẹ̀rọ ò rí ìlà kankan lórí ìka mi, pákó ti jẹ ẹ́ tán, nítorí náà ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ mí. Mo ní kí òun alára wo ojú mi, èmi rèé, ó ní wọn kì í wo ojú. Torí náà, fún ara rẹ lówó ọ̀hún, sọ pé bàbá rẹ ló béèrè rẹ̀, kí o fi wọ ọkọ̀.

Mo ti fági ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù títí ó fi dán. Téèpù ìyá rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. N ó wọ̀n ọ́, n ó fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ ọ́ sára igi níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àwọn nọ́ńbà ìyá rẹ ni yóò jẹ́, ìyẹn ti lọ. Bí ọkùnrin yẹn bá wà lóòótọ́, mú un bọ̀, kí n mọ èjìká rẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá sì wà, mo ti fi àyè sílẹ̀ fún un nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Bí wọn ò bá sí, ìwọ nìkan tó.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kó fún ọ ní ọ̀gá tí yóò jẹ́ kí o sọ ọ̀rọ̀ rẹ tán. Kí àwọn tó ń gbọ́ ohùn rẹ má kábàámọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ. Nígbà tí o bá dé, kan ilẹ̀kùn, kí o ní ẹ káàárọ̀ o, kí o sì dúró gbọ́ èsì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.