Ìyeyè Ẹni Méjì

Òjúlé Kọkàndínlógún,
Òpópónà Adébáre,
Lẹ́yìn Ilé-iṣẹ́ Onírọ́bà,
Dopemu, Agége,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2025.

Níyì, ọmọ ìyá mi tí ìyá wa yàtọ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Òtútù Jọ́ọ̀sì ńkọ́, ṣé kò tíì sọ ọ́ di ẹni tí ń wọ kóòtù wẹ̀? Ẹkúndayọ̀ tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ńkọ́? Màmá rẹ ní Onígbòǹgbò wà ní àlàáfíà. Mo yà kí wọn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n fún mi ní ìrẹsì, wọ́n sì bi mí pé báwo ni o ṣe wà. Èmi sì rò pé àwọn ni wọ́n máa sọ fún mi. A jọ jẹ ìrẹsì náà láìsí ìròyìn.

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà ọ́ pé lẹ́tà ni mo kọ láyé fóònù yìí. Ìdí rẹ̀ kò le. Bí mo bá kọ̀wé sí ọ lórí Wọ́sáàpù, àmì méjèèjì a di aláwọ̀ búlúù, mo sì mọ̀ pé o ti kà á, o sì ti dákẹ́. Lẹ́tà kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá fèsì, mo lè sọ pé awakọ̀ tó gbé e ló sọ ọ́ nù sójú ọ̀nà, kí a sì máa bá ọ̀rẹ́ wa lọ.

Èmi náà wà. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò ni mo ṣì wà. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ìwé-ẹ̀rí polí gbà mí sí ni pé kí n jókòó ti bẹ́líìtì, kí n máa wo ìdérí bí wọ́n ṣe ń kọjá, kí n sì mú èyí tó bá wọ́ kúrò. Ẹ̀rọ náà dára púpọ̀; ìdérí kì í sábà wọ́. Bí mo bá dé yàrá wa, èmi àti fáànù la jọ máa ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ó ku èmi. Mátíréẹ̀sì rẹ ṣì fara ti ògiri bí o ṣe fi í sílẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sórí rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó béèrè.

Ìròyìn tó mú mi gbé bírò ni ti ilẹ̀ ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ onírọ́bà, lẹ́bàá kánáà, níbi tí jogbo ti gba gbogbo ilẹ̀. O mọ̀ ọ́n: ewé tó ga ju ènìyàn lọ, tó máa ń ya òdòdó bí oòrùn kékeré nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ìwọ máa ń dúró ya fọ́tò níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wà lókè òkun. Àṣé òkè òkun náà ló ti wá lóòótọ́. Àlejò ni, kò sì jẹ́ kí onílé mí. Ó bo gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wó sínú kánáà, ó dí i, omi òjò sì ń wá kí wa nínú yàrá.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àdúgbò pinnu pé àwọn máa ro ó kúrò, kí wọ́n sì dá àwọn igi ilẹ̀ wa padà síbẹ̀: ìyeyè, akòko, odán, arère. Bàbá Àlàmú, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń jó irin lójú pópó tẹ́lẹ̀, ni alága. Ọ̀dọ́bìnrin kan, Tinúadé, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa igi ní yunifásítì, máa ń wá láti Ìkẹjà ní gbogbo Sátidé láti fi ọ̀nà hàn wá. Èmi náà lọ. Kì í ṣe ìfẹ́ igi ló gbé mi lọ o. Mo gbọ́ pé àwọn ènìyàn máa ń wà níbẹ̀ ni.

Wọ́n ti gbin igi síbẹ̀ rí lọ́dún tó kọjá, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn kan lọ sílé, àwọn kan gbàgbé, igi sì kú pátápátá. Nítorí náà Bàbá Àlàmú ṣe òfin tuntun: igi kan, ènìyàn méjì. Bí ọ̀kan bá bomi rin ín lónìí, èkejì á ṣe é lọ́la. Wọ́n ní ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbìn wọ́n, a tò, wọ́n sì ń pè wá ní méjì-méjì. Ọkọ pẹ̀lú ìyàwó. Ìyá pẹ̀lú ọmọ. Ọ̀gá pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kàn mí.

"Jubril, ta ni ìkejì rẹ?"

Mo ní, "Níyì ni, sà."

Ìyá Divine, aládùúrà tí ilé wọn kọjú sí kánáà, ké láti ẹ̀yìn: "Níyì wo? Èyí tó ti bá Jọ́ọ̀sì lọ? Ṣé fóònù ni yóò máa fi bomi rin igi ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má baà dá yàtọ̀. Mo ṣàlàyé pé oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi rán ọ lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, pé ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé kí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì yín tó pé, o ó ti dé. Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kó dé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú o." Bí wọ́n ṣe fún wa ní ìyeyè kan nìyẹn, èmi pẹ̀lú ìwọ.

Ewúrẹ́ kò jẹ́ kí nǹkan hù ní àdúgbò yìí, nítorí náà a ní láti ṣe ọgbà yí igi kọ̀ọ̀kan ká. Tinúadé ti sọ pé kí a kó gbogbo jogbo tí a gé jọ, kí a sun ún tó bá gbẹ. Ṣùgbọ́n kò wá lọ́jọ́ náà. Bàbá Àlàmú wo òkìtì igi jogbo, ó pọ̀, ó tọ́, kò sì ní olówó. Wọ́n ní lóko bàbá àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí a bá gé lórí ilẹ̀ la fi ń ṣọgbà sórí ilẹ̀ náà. "Ẹ̀yin ọmọ Èkó! Ohun tí Ọlọ́run gbé síwájú yín lẹ ó sun níná, ẹ ó wá máa wá igi kiri." Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. A gé jogbo ní ọ̀pá-ọ̀pá, a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, a rì í mọ́lẹ̀ yí igi wa ká. Ó lẹ́wà. Mi ò rò pé àdúgbò mìíràn wà, Níyì, tó ti gé ọ̀tá rẹ̀ lulẹ̀ láàárọ̀, tó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín padà lọ́sàn-án, lórí ìlà tó gún régé.

Òjò rọ̀. Igi jogbo tí wọ́n bá gún mọ́lẹ̀ kì í kú, híhù ló ń hù. Tinúadé ti rìnrìn àjò, kò sì sí ẹni tó fura nínú wa. A rí ewé tútù, a ń yọ̀. Èmi ni mo yọ̀ jù. Àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ nínú oṣù Kẹsàn-án, tí mo kọ "Igi wa ti ń dàgbà o" sábẹ́ rẹ̀, jogbo ni. O kò fèsì. Mi ò bá ọ wí. Ó ṣòro kéèyàn kíni kú oríire jogbo.

Nígbà tí Tinúadé padà dé, ó dúró sí etí kánáà, ó káwọ́ lérí. "Ẹ̀yin bàbá, ta ló ní kí ẹ ṣe báyìí?" Bàbá Àlàmú ń wo ojú ọ̀run.

"Bàbá ló mọ iṣẹ́ oko," ni Ìyá Divine wí. "Oko jogbo."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ni Bàbá fèsì. "Irin ni mo fi gbogbo ayé mi jó. Irin tí mo bá rì mọ́lẹ̀ kì í hù."

A rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà a mú ọkọ́, a tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò la hú u, a sì sun ún lójú Tinúadé. Nígbà tí mo hú ti ìdí igi wa tán, mo rí ìyeyè náà nísàlẹ̀. Ó ti rù bí ẹni tó ń ṣàìsàn, ewé rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò kú. Mo jókòó tì í díẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rí nǹkan tó dúró dè mí.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n tún pè wá jọ, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Ìkórè yín ti kọjá, mo gbọ́ orin rẹ̀ láti yàrá. Wọ́n ń pe orúkọ ní méjì-méjì, àwọn ènìyàn ń dìde. Ewúrẹ́ ti jẹ igi Ìyá Divine àti ọmọ wọn lọ́jọ́ tí a hú ọgbà, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Bàbá, ẹ fún èmi àti Divine ní ìyeyè Jubril. Kò ní ìkejì. Mi ò bínú sí i o, òótọ́ ni mo sọ."

Bàbá Àlàmú yíjú sí mi. "Jubril. Níyì dà?"

Mo ti múra àwáwí sílẹ̀ láti ilé: pé ọ̀nà kò dára, pé ọ̀gá rẹ kò yọ̀ǹda rẹ. Nígbà tí mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Kò bọ̀, sà." Níyì, èmi náà kò tíì gbọ́ ọ rí.

Bàbá rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dùn mí: "Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé, ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa jẹ́ mo dé lẹ́ẹ̀mejì, sà."

Ìyá Divine bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn nìkan ni wọ́n ń rín in, wọ́n dákẹ́. Bàbá ní ó dáa, títí òjò yóò fi padà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá pa jẹ, igi di ti Ìyá Divine.

Láàárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ sẹ́bàá kánáà. Lónìí mo lọ gẹ́gẹ́ bí ara mi, lọ́la mo lọ gẹ́gẹ́ bí ìwọ. Lọ́jọ́ tìrẹ, mo máa ń pẹ́ díẹ̀, kó lè jọ ọ́. Ìyá Divine á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn.

"O ò tíì gbàgbé?"

"Mi ò tíì gbàgbé, mà."

"Mò ń wò ọ́ o."

Wọ́n ń retí kí n kùnà ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń retí mi. Lẹ́yìn wọn, kò sí ẹni tó ń bi mí ní nǹkan kan kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Bá mi kí Ẹkúndayọ̀ àti gbogbo ará ibi iṣẹ́ rẹ. Bàbá Àlàmú kí ọ. Tinúadé kò mọ̀ ọ́, síbẹ̀ ó kí ọ. Ìyá Divine ní kí n sọ fún ọ pé kí o jókòó síbẹ̀ o, kí o má yọnu.

Níyì, bí o bá ń bọ̀, kọ ọjọ́ tí o ń bọ̀ sí mi. Bí o kò bá ní bọ̀ mọ́, kọ ìyẹn náà. Mi ò ní bínú, n ó kàn tẹ́ mátíréẹ̀sì náà sílẹ̀ ni. Omi ẹni méjì, mo lè gbé e. Ọ̀nà tí mò ń wò ló ń rẹ̀ mí.

Èmi náà ni, ìkejì rẹ nídìí ìyeyè,
Jubril.