Màmá Ẹlẹ́yẹ, Tí Kò Gbà Kí Ẹyẹ Máa Fẹ́ Àbúrò Rẹ̀

Ọdún 1949 ni wọ́n bí Màmá wa, ọmọ káfíńtà àti aránṣọ, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń kan àga. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé Màmá kò sunkún. Wọ́n kàn tẹjú mọ́ agbẹ̀bí bíi pé àwọn ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Màmá di dókítà ẹranko ní 1974. Àbúrò bàbá wọn ti ń polongo kiri pé màlúù ni wọn yóò máa tọ́jú. Màmá lọ yan ẹyẹ kékeré kan tí kò wúwo tó kọ́kọ́rọ́ ilé, tó ń gbé ní erékùṣù àárín adágún.

Ní 1977, wọ́n fẹ́ ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ síbẹ̀. Bàbá ní kí Màmá tó béèrè orúkọ òun, wọ́n ti béèrè ti ìyá ìyá òun àti ti ìyá bàbá òun. Ìgbà tó dá wọn lójú pé àwọn méjèèjì ò bára tan ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, àpótí ẹyẹ gba orí bẹ́ẹ̀dì, Bàbá gba àga gígùn.

Iṣẹ́ Màmá rèé, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ẹyẹ ni wọ́n kàn ń bá ṣeré. Ẹyẹ erékùṣù náà kò pọ̀, àlejò kì í sì í wá bá wọn, ló fi di pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń fẹ́ra, ọmọ wọn tún ń fẹ́ra. Màmá á fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè mọ ọmọ ta ni, wọ́n á gún wọn ní abẹ́rẹ́ oògùn kan lápá, wọ́n á wò ó lọ́jọ́ kejì. Ẹyẹ tí òbí rẹ̀ kò bára tan, ibẹ̀ á wú rògòdò, torí ara rẹ̀ ti dìde láti jà. Ti ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò á tẹ́ pẹrẹsẹ, bíi pé kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn.

Màmá ní kí wọ́n kó ẹyẹ irú kan náà wá láti òdìkejì omi. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ojúlówó, ní láéláé, ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ erékùṣù kò gbọdọ̀ ní àbùlà. Màmá dìde nínú ìpàdé: "Ọ̀gá, nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ gbéyàwó, ẹbí yín ṣèwádìí. Ta ló ń ṣèwádìí fún ẹyẹ?" Àwọn ará ìpàdé rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ jẹun.

Ní 1998, àrùn kan tó ń mú eéwo jáde lójú ẹyẹ wọ erékùṣù. Àwọn tí apá wọn kì í wú ló kọ́kọ́ kú; díẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Màmá kò tún bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n kó ẹyẹ òdìkejì sínú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì, Bàbá wa ọkọ̀. Ojúlówó lé Màmá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ọmọ tí àwọn ẹyẹ àlejò bí níbẹ̀, apá wọn wú bí ẹni fẹ́ jìjàkadì. Lọ́dọọdún ni Màmá ń kó òmíràn lọ, títí àìsàn fi dá wọn dúró.

Nínú ìjọ, pásítọ̀ bẹ Màmá pé kí wọ́n yé fi ohùn rara gbàdúrà fún ẹyẹ. Wọ́n dín ohùn kù. Wọn ò dín àdúrà kù.

Bàbá, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ ló gbẹ̀yìn Màmá, pẹ̀lú àwọn ẹyẹ tí kò dúró ká kà wọ́n.

Ọ̀gá tuntun níbi iṣẹ́ Màmá ti ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn. Ó fi kún un pé ikú Màmá ti fòpin sí ọ̀rọ̀ kíkó ẹyẹ. A dúpẹ́ fún ìbánikẹ́dùn. Èyí tó kù, a ò gbà. Àwọn ẹyẹ òdìkejì ti ọdún yìí wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì báyìí; tẹ́ ẹ bá gbọ́ ariwo nígbà ìwàásù, ẹ má bá àwọn ọmọdé wí. Tá a bá ti sìnkú tán, ọkọ̀ á gbéra. Ẹni tó bá fẹ́ dá wa dúró, àyè ẹnì kan ṣì wà nínú rẹ̀.

Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀ sùn. Bàbá ti bu epo sí ẹ́ńjìnnì.