Wọ́n Ní Ọkùnrin Ni Mò Ń Bá Sọ̀rọ̀

                                        Yàrá kejì lókè,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Jọ̀ọ́, má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. O mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ọ̀rọ̀ a sì máa pẹ́ kó tó dé ìka mi. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ èyí àbígbẹ̀yìn ti lọ? Màmá wa ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn? Ara tèmi le. Ilé ọkọ náà dùn, àfi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun gan-an ló sì mú mi kọ̀wé.

O rántí ìwé ìtàn àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀, èyí tí èèpo rẹ̀ ti ya, tí a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo gbé e wá sílé ọkọ. Ojú Màmá, ìyá ọkọ mi, ti ń ṣú, wọn ò lè kàwé mọ́, bẹ́ẹ̀ tíṣà ni wọ́n láyé ìgbà wọn. Ó ń dùn mí. Ni mo bá sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ ṣe áàpù kan sórí fóònù wọn tí yóò máa ka ìwé náà fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wá fún mi láti ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí fóònù ni mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù.

Ibi yòówù kí Màmá fọwọ́ kàn lójú fóònù, mo fẹ́ kí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tún fọwọ́ kàn án, kó dúró, kó rántí ibi tó dé. Ó rọrùn lẹ́nu. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ló fi ń padà sí ìlà àkọ́kọ́, bí ewúrẹ́ tó mọ ọ̀nà ilé olówó rẹ̀. Ọjọ́ kejìlá ni mo rí i pé èmi fúnra mi ni mò ń pàṣẹ fún un pé kó gbàgbé.

Ohùn mi ni mo fi ń kà á sínú kọ̀ǹpútà. O mọ bí mo ṣe ń tijú. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn, màá bo orí mọ́ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé má bàa wọlé, màá wá ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìtàn tí mo dé ni ti obìnrin kan tó ń gbẹ́ kànga lẹ́yìn ilé. Gbogbo ilé ló ń fi í rẹ́rìn-ín, kànga nìkan ló wá ń bá sọ̀rọ̀: ìwọ nìkan ni mo finú hàn, ọkọ mi ò tíì mọ̀, dúró dè mí, mo tún ń bọ̀ lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí a jọ ń gbélé, ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò kanlẹ̀kùn. Wọ́n pe ọkọ mi kúrò níbi iṣẹ́, wọ́n mú Màmá jókòó sí pálọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí ẹ ń pè ní Adákẹ́, ọkùnrin ló ń bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ." Ojú tí ọkọ mi fi wò mí, Ẹlẹ́rìn-ín, kí ọkọ rẹ má fi wò ọ́ láéláé.

Mo kàn gbé kọ̀ǹpútà wá, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn mi jáde. Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́: "Ẹ gbọ́ ọ bí?" Ohùn náà ń kà á lọ títí ó fi dé ibi tí obìnrin náà ti ń bẹ kànga pé kó fún òun lómi. Ni Màmá bá bú sẹ́rìn-ín. "Kànga mà ni àlè ọ̀hún. Ìwọ ọmọ yìí, ilẹ̀ lásán lo fẹ́ fẹ̀sùn àgbèrè kàn."

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dáa, kí ni ẹni ìwé mẹ́fà wá ń wá nínú kọ̀ǹpútà? Irú áàpù bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóde bí iyanrìn. Ìwé àtijọ́ wo ló sì tún wúlò láyé tí a wà yìí? Kí n dá a padà, kí n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ọkọ mi, nítorí àlàáfíà, ní bóyá kí n fi í sílẹ̀ ná.

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, mi ò ní fi í sílẹ̀. Áàpù pọ̀ lóde lóòótọ́, kò sí èyí tí ìwé bàbá mi wà nínú rẹ̀. Ẹ ní ìwé náà ò wúlò mọ́. Ó dàgbà ju ìyá mi lọ, síbẹ̀ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní ọ̀rọ̀ òní ni. Ọ̀rọ̀ tó ti kú kì í pe èèyàn kúrò níbi iṣẹ́."

Wọ́n sọ fún obìnrin inú ìtàn ìjọ́un pé obìnrin kì í gbẹ́ kànga. Wọ́n sọ fún èmi náà. Ẹni tó bá ní ayé ti yí padà, kó wá jókòó sí pálọ̀ wa. Ojú ewé ìparí ìtàn náà ti já, mi ò mọ̀ bóyá omi jáde. Mi ò torí ìyẹn dúró.

Kọ̀ǹpútà ṣì wà lórí tábìlì mi. Ẹ̀gbọ́n ní bí àwọn bá tún gbọ́ ohùn mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn á gbé e padà fúnra àwọn. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí n tó kà á. Kí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọlé tó bá wù ú.

Bá mi kí ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ìránṣọ. Kí àwọn ọmọ náà fún mi. Ìtàn mẹ́rìndínlógún ló kù, mo sì máa kà á tán. Bí wọ́n bá tún pe ìpàdé lé mi lórí, mo máa sọ fún wọn pé èmi…

Wọ́n ń pè mí. Ẹ̀gbọ́n ni, láti pálọ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí ohùn mi dákẹ́.

Tìrẹ ni mí títí,
Adákẹ́