Kásẹ́ẹ̀tì Yín Ti Wọ Bárékè

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí n tó sọ èyí: kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń kọ́ni ní Faransé, tí ẹ gba ohùn yín sí nínú pálọ̀ wa ní Ìba, tí mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí, òun ni mo fi ń jẹun báyìí.

Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn sójà kan ní Ọ̀jọ́ ní Faransé díẹ̀, torí wọ́n fẹ́ rán wọn lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọn ò ráyè kíláàsì, kálukú ni yóò fi fóònù kọ́ ara rẹ̀. Ní Òkòkòmáìkò ni mo ti rí ẹni tó bá mi da ohùn yín sínú fóònù. Àṣẹ kan ṣoṣo ni mo pa fún wọn: ohunkóhun tí wọ́n bá gbọ́, kí wọ́n tún un wí bó ṣe rí.

Ẹ̀yin náà mọ sójà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀gá wọn tó gbọ́ Faransé dáadáa jókòó. Sójà àkọ́kọ́, ọmọ Sókótó, bẹ́rí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́, ó kí ọ̀gá ní Faransé. Ló bá fi ohùn obìnrin ké pé, "Olùkọ́, ẹ wá jẹun o, ẹ̀bà ti ń tutù." Ó fi ohùn yín dáhùn: "Mò ń bọ̀." Ó sì ń bá Faransé rẹ̀ lọ. Ẹnì kejì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, kò dá mi lóhùn.

Ẹ̀bi mi ni. N kò gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà dópin kí n tó fún wọn. Ṣebí ohun tí ẹ máa ń bá mi wí lé lórí nìyẹn?

Ọ̀gá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gé ikọ́ àti ẹ̀bà kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n má padà wá.

Mo jókòó nílé láti gé e. Màmá gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n jáde láti kíṣìnnì tọmọrogùn tọmọrogùn, wọ́n sì gbọ́ ìgbà tí ẹ dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ tẹ̀ fún àwọn gbọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n gé e. Wọ́n ní, "Gé ti sójà. Má fọwọ́ kan tèmi." Wọ́n tún ní ẹ̀bà ọjọ́ náà tutù pátápátá kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni, Bàbá?

Mo gé e, iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí sójà bá ti há sórí, ta ló lè gé e? Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, mo fi Faransé kí wọn pé kí wọ́n lọ re, kí wọ́n bọ̀ re. Àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wọn sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Mò ń bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àárò yín sọ mí, Bàbá. Ẹ bá mi mójú tó wọn láti ọ̀run tí ẹ wà.

Èmi ni, ọmọ yín tó wá ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yín dópin.